Fúnláyọ̀ àti Ìlà Kẹẹ̀ẹ́dógún

Fúnláyọ̀ Ògúnkúnlé mọ bí a ti ń dárí jini. Ó dárí ji àbúrò ọkọ rẹ̀ tó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ tà. Ó dárí ji onílé wọn ní Ṣàngótẹ̀dó, ẹni tó ṣí páànù orí ilé wọn lójú òjò kí wọ́n lè tètè kó jáde. Ó dárí ji ọlọ́kadà tó gbá a lẹ́sẹ̀ tí kò dúró kí i ní pẹ̀lẹ́. Àwọn mẹ́ta wọ̀nyí, ó dárúkọ wọn níwájú pẹpẹ, ó sì tú wọn sílẹ̀ lọ́kàn rẹ̀. Ẹnì kẹrin ni kò tú sílẹ̀. Ẹni náà ni Adékẹ́mi Gbádégẹṣin, tí gbogbo àwọn tó ń fi ìkọ́ hun òwú láti Lẹ́kkí dé Ẹ̀pẹ́ ń pè ní Àǹtí Olówùú.

Ìkirè ni wọ́n ti bí Fúnláyọ̀. Ọkọ rẹ̀, Olúdélé, jẹ́ bíríkìlà, ó sì bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá sí Èkó nígbà tí ilé ń hù bí olú ní ìhà Ìbẹ́jú. Ibi iṣẹ́ ni Olúdélé ń sùn láàárín ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni ó máa ń wálé, pẹ̀lú sìmẹ́ńtì nínú irun rẹ̀. Fúnláyọ̀ ní tirẹ̀ ríṣẹ́ sí ẹnu géètì ẹ́sítéètì kan tí kò jìnnà sí VGC ní Lẹ́kkí. Ohun mẹ́rin ni iṣẹ́ náà: kí ó béèrè orúkọ àlejò, kí ó béèrè ẹni tí àlejò wá rí, kí ó yẹ ohun tí àlejò gbé wọlé àti èyí tí ó ń gbé jáde wò, kí ó sì gbé irin ìdábùú ọ̀nà sókè. Láti aago méje òwúrọ̀ títí di aago méje ìrọ̀lẹ́, ohun mẹ́rin yìí náà ni.

Láàárín ọkọ̀ kan sí èkejì, Fúnláyọ̀ a máa hun. Kóróṣè ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, èyí tí a ń fi ìkọ́ kan ṣoṣo fa òwú gba inú ara wọn títí yóò fi di aṣọ. Ìyá Àdúrà kan ní ìjọ aláṣọ funfun ní Ìkirè ló kọ́ ọ nígbà tí ó wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, kí ó lè máa bá wọn hun aṣọ pẹpẹ. Kì í ṣe aláriwo, kì í sì í yára. Ṣùgbọ́n bí ó bá ka ojú òwú, ó kà á tán nìyẹn. Kò sí ẹni tí yóò tún un kà lẹ́yìn rẹ̀ tí yóò rí àṣìṣe.

Ní ọdún 2023 ni ó wọ ẹgbẹ́ Ìkọ́ Kan Òwú Kan lórí Wásáàpù. Ẹgbẹ́ ńlá ni. Ó lé ní ẹgbẹ̀ta ènìyàn: onídìrí, nọ́ọ̀sì, ìyàwó ilé, olùkọ́, àti ọkùnrin méjì tí wọn kì í sọ̀rọ̀. Adékẹ́mi ló dá a sílẹ̀, ó sì ní ohun tí ẹlòmíràn kò ní. Nígbà tí òwú kọ́tìn gidi bá dé inú kóńténà ní èbúté, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dé, òun ni yóò sì pín in fún ẹni tí ó bá wù ú. Nítorí náà, kò sí ẹni tó fẹ́ ṣẹ̀ ẹ́.

Òfin mẹ́rin ni ẹgbẹ́ náà ní. Èkínní, ẹnikẹ́ni tó bá dá àrà tuntun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí Àǹtí Olówùú níkọ̀kọ̀. Èkejì, Àǹtí Olówùú yóò fún ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta kí wọ́n hun ún wò, nítorí pé àrà tí a kò bá hun wò, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ẹ̀kẹta, bí àwọn mẹ́ta bá ní ó dára, a ó gbé e jáde pẹ̀lú orúkọ ẹni tó dá a. Ẹ̀kẹrin jẹ mọ́ Ìhunpọ̀, ìyẹn ìgbà tí gbogbo ẹgbẹ́ bá ń jọ hun àrà kan náà ní ìlà kan lóòjọ́: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi àwòrán iṣẹ́ rẹ̀ hàn títí di Ọjọ́ Títẹ́, nígbà tí wọn yóò pàdé, tí wọn yóò sì tẹ́ iṣẹ́ wọn lójú ara wọn.

Oṣù méje ni Fúnláyọ̀ fi dá àrà kan tí ó pè ní Ìgbì Ọ̀sà. Aṣọ róbótó ni, tí ìgbì rẹ̀ ń yí láti àárín lọ sí etí bí omi ọ̀sà nígbà tí ọkọ̀ ojú omi bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Ó kọ gbogbo ìlà rẹ̀ sínú ìwé àjákọ ọmọ rẹ̀ Ṣèyítán, ó ya á ní fọ́tò, ó sì fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, èsì dé.

“Ó kù díẹ̀ káàtó, ọmọ mi. Máa gbìyànjú.”

Fúnláyọ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Ó tilẹ̀ dúpẹ́. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Ìgbì Ọ̀sà jáde nínú ẹgbẹ́, ojú òwú kan kò yẹ̀, pẹ̀lú àkọlé tuntun: Àrà Adékẹ́mi.

Fúnláyọ̀ kọ̀wé sínú ẹgbẹ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, iṣẹ́ mi ni èyí. Ẹ wo ìwé tí mo fi ránṣẹ́ sí yín.” Ó lẹ fọ́tò ìwé àjákọ náà mọ́ ọn. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí fọ́tò náà fi pòórá, nítorí pé ohun tí alábòójútó bá ti pa rẹ́, ó parẹ́ lójú gbogbo ayé nìyẹn. Èsì Adékẹ́mi kò parẹ́ ní tirẹ̀.

“Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ bá mi rẹ́rìn-ín. Ìyá onígéètì wa náà ti di adárà. Lọ́la, a ó gbọ́ pé òun ló ni ẹ́sítéètì tó ń ṣọ́.”

Àwọn ènìyàn fi àwòrán ẹ̀rín ránṣẹ́. Mọ́kàndínlógójì ni, Fúnláyọ̀ kà á. Kí ó tó kà á lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́.

Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, bóyá orúkọ Adékẹ́mi ì bá wà lára àwọn tí a tú sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkórè dé. Fúnláyọ̀ ti ṣèlérí aṣọ pẹpẹ fún ìjọ rẹ̀, Ìgbì Ọ̀sà sì ni ó hun, funfun báláú. Wọ́n tẹ́ ẹ, wọ́n tan àbẹ́là sí i, ọkàn rẹ̀ ń dùn. Ìgbà náà ni Olúwatúnmiṣe, aṣáájú àwọn akọrin, yọ fóònù rẹ̀.

“Ẹ wá wò ó o. Ṣé kì í ṣe àrà Àǹtí Olówùú nìyí? Orúkọ wọn ló wà lábẹ́ rẹ̀ níbí. Ìyá Ṣèyítán, ṣebí ẹ ní ẹ̀yin lẹ dá a fúnra yín?”

Fúnláyọ̀ ṣàlàyé títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ. Wòlíì kò bínú, ó kàn ní kí wọ́n ká aṣọ náà. “A kì í fi ohun olè bo pẹpẹ,” ni ó wí. Láti ọjọ́ náà, bí Fúnláyọ̀ bá jókòó sí bẹ́ǹṣì, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ a fa báàgì rẹ̀ mọ́ra. Obìnrin tó ń yẹ ẹrù ènìyàn wò ní géètì kí olè má baà jáde, òun ni wọ́n ń ṣọ́ bí olè.

“Fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run,” ni Olúdélé wí ní ọjọ́ Sátidé.

“Àwọn tó fi ẹjọ́ sílẹ̀ fún Ọlọ́run ti pọ̀ lórí ìlà. N kò ní tò sẹ́yìn wọn.”

“Kí lo fẹ́ ṣe? Ọlọ́pàá?”

“Kí n máa ṣàlàyé ojú òwú fún ọlọ́pàá?”

“Àbí o fẹ́ lọ pariwo níwájú ilé rẹ̀?”

“Wọ́n á ní ìyá onígéètì ń ya wèrè.”

Olúdélé rẹ́rìn-ín, ó ń họ sìmẹ́ńtì kúrò ní èékánná. “Kọ́ńtírátọ̀ kan wà níbi iṣẹ́ wa. Ó jí pulánù ẹlòmíì. Ó kọ́ ilé náà, ó ń yangàn. Ìgbà tó di pé kí wọ́n lu ògiri kan fún fèrèsé, wọ́n ní kí ó fi ibi tí irin wà hàn wọ́n. Ó ń wo ògiri, ògiri ń wò ó. Ẹni tó jí pulánù kì í mọ ibi tí irin wà.”

Fúnláyọ̀ dìde, ó mú ìwé àjákọ tuntun.

Ó yẹ kí a sọ nǹkan kan nípa aṣọ róbótó, nítorí pé orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀ràn dúró lé. Àárín ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú ojú òwú méjìlá, yíyí kọ̀ọ̀kan ni a sì ń pè ní ìlà. Ìlà kejì gbọ́dọ̀ jẹ́ mẹ́rìnlélógún, ìkẹta mẹ́rìndínlógójì, bẹ́ẹ̀ ni a ó máa fi méjìlá kún un títí dé etí. Bí a bá fi ju méjìlá lọ kún un, etí aṣọ yóò rúnjọ bí ewé ẹ̀fọ́. Bí ohun tí a fi kún un kò bá sì tó méjìlá, aṣọ yóò kọ̀, kò ní tẹ́. Yóò máa dìde díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di àwokòtò.

Oṣù mẹ́rin ni Fúnláyọ̀ fi dá àrà kejì, ó sì sọ ọ́ ní Ìràwọ̀ Òwúrọ̀. Ó hun ọ̀kan fúnra rẹ̀, òtítọ́ ìlà mọ́kànlélógún, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó ya á ní fọ́tò. Ó dára ju Ìgbì Ọ̀sà lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni ó jókòó kọ ìlànà rẹ̀. Títí dé ìlà kẹrìnlá, òtítọ́ pọ́ńbélé ni ó kọ: ojú òwú méjìdínláàádọ́sàn-án, kò lé, kò dín. Ní ìlà kẹẹ̀ẹ́dógún ni ó dẹ okùn. Dípò méjìlá, mẹ́ta péré ni ó ní kí wọ́n fi kún un, ó sì fi ẹnu ìràwọ̀ bò ó mọ́lẹ̀, ihò síhìn-ín, kókó sọ́hùn-ún, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá kàn ń fi ojú kà á kò fi ní fura. Ọwọ́ tó ń hun nìkan ló lè mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe dé ìlà kọkànlélógún, níbi tí ó yẹ kí ojú òwú jẹ́ igba ó lé méjìléláàádọ́ta, tí ó sì jẹ́ mọ́kàndínláàádọ́wàá.

Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Bí Adékẹ́mi bá pa òfin kejì mọ́, tí ó fún ènìyàn mẹ́ta hun wò, àṣìṣe náà yóò hàn, wọn yóò sì dá ìwé padà fún un. Okùn yìí kò lè mú olóòótọ́. Olè nìkan ni kò lè jẹ́ kí ẹlòmíràn hun ohun tó jí wò kí ó tó pè é ní tirẹ̀.

Ó ra nọ́ńbà tuntun, ó fi orúkọ àbúrò rẹ̀ tó wà ní Ìkirè, Bọ́sẹ̀, wọ ẹgbẹ́. Ó kí wọn, wọ́n kí i káàbọ̀. Ó fi ìlànà àrà náà àti fọ́tò aṣọ ránṣẹ́ níkọ̀kọ̀. Ọjọ́ kẹfà, èsì dé: “Ó kù díẹ̀ káàtó, ọmọ mi. Máa gbìyànjú.”

Nínú ilé kékeré ẹnu géètì, Fúnláyọ̀ rẹ́rìn-ín títí tí awakọ̀ kan fi fọn fèrè mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mẹta.

Oṣù kan lẹ́yìn náà ni Adékẹ́mi kéde Ìhunpọ̀ tó tóbi jù lọ láti ìgbà tí ẹgbẹ́ ti wà. Orúkọ àrà náà ni Ìràwọ̀ Adékẹ́mi. Ìlà mọ́kànlélógún fún ọjọ́ mọ́kànlélógún, Ọjọ́ Títẹ́ yóò sì wáyé ní gbọ̀ngàn kan ní Langbasa. Fọ́tò tí ó fi polówó rẹ̀, fọ́tò aṣọ tí Fúnláyọ̀ yà ni. Adékẹ́mi gé apá ibi tí ẹsẹ̀ àga Fúnláyọ̀ ti hàn kúrò, ó parí.

Ẹnì kan ni Fúnláyọ̀ kò fi sínú ìṣirò rẹ̀. Sìmbíátù, onídìrí kan ní Bàdọ̀rẹ́, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Lateef, nìkan ló kọ̀wé sí i nígbà tí wọ́n yọ ọ́: “Mo rí fọ́tò náà kí wọ́n tó pa á rẹ́. Tìẹ ni. Ojú ń tì mí pé n kò lè sọ̀rọ̀.” Láti ìgbà náà ni wọ́n ti di ọ̀rẹ́. Nígbà tí Ìhunpọ̀ bẹ̀rẹ̀, Fúnláyọ̀ rò pé Sìmbíátù kò ní bá wọn hun ohun tí Adékẹ́mi bá gbé jáde. Kò béèrè.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún, Sìmbíátù yọ sílé Fúnláyọ̀ ní Ṣàngótẹ̀dó pẹ̀lú ọ̀rá kan ní abíyá.

“Ìyá Ṣèyítán, gbà mí o. Ṣé orí mi ti dàrú ni?” Ó fa iṣẹ́ náà yọ, ó dé e mọ́ orí. Ó wọ̀ ọ́ géérégé. “Wò ó! Aṣọ pẹrẹsẹ ni mo ní kí n hun o. Fìlà lèmàámù ló dé yìí!”

Fúnláyọ̀ wo òwú náà. Kọ́tìn gidi ni, èyí tí Sìmbíátù ti ń tọ́jú láti ọdún tó kọjá, nítorí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó lóyún. Òun ni ó fẹ́ fi gbé ọmọ ọmọ rẹ̀ jáde lọ́jọ́ ìkómọ.

“O kà á?”

“Mo kà á títí ojú fi ń ro mí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti tú u. Òwú náà ti rí wúruwùru bí irun àgbà.”

“O bi àwọn yòókù?”

“Ta ni mo fẹ́ bi? Kí wọ́n ní Sìmbíátù kò mọ̀ ju irun dídì lọ? Gbogbo wọn dákẹ́, wọ́n ń fi àwòrán àtàǹpàkò ránṣẹ́ láràárọ̀. Èmi nìkan ló ṣẹlẹ̀ sí.”

Ohun tí Fúnláyọ̀ ti gbẹ́kẹ̀ lé gan-an nìyẹn. Ẹni tó ń hun òwú kì í dá ìwé lẹ́bi. Bí ògiri bá wọ́, bíríkìlà lè ní ilẹ̀ ni kò dára. Bí ọbẹ̀ bá bàjẹ́, alásè lè ní ata ni. Ṣùgbọ́n bí aṣọ bá kọ̀ láti tẹ́, ahunṣọ a gbà pé òun ló ṣì í kà, yóò ti ilẹ̀kùn, yóò tú u, yóò sì tún un hun láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Òfin kẹrin tún ti pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ obìnrin láti Lẹ́kkí dé Ẹ̀pẹ́ ló ń tú aṣọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́sẹ̀ náà, oníkálukú ń rò pé òun nìkan ni òpè.

Òtítọ́ dé ẹnu Fúnláyọ̀. Ó kan eyín rẹ̀. Ó rántí bẹ́ǹṣì ìjọ, àti àwọn báàgì tí wọ́n ń fà mọ́ra. Ó gbé òtítọ́ náà mì.

“Má tú u mọ́,” ni ó wí. “Hun ún bí wọ́n ṣe kọ ọ́ títí dé òpin. Kí o sì gbé e lọ bẹ́ẹ̀.”

Ní Ọjọ́ Títẹ́, obìnrin mọ́kànlélọ́gọ́rin àti ọkùnrin méjì ló jókòó sí gbọ̀ngàn Langbasa, oníkálukú pẹ̀lú ọ̀rá ní orí itan. Fọ́tò Ìràwọ̀ náà wà lára ògiri, ó ga tó ìdúró ènìyàn. Adékẹ́mi gun orí pèpéle, ó wọ léèsì aláwọ̀ ewé, ó na ọwọ́ méjèèjì.

“Ẹ tẹ́ ẹ!”

Ẹnikẹ́ni kò mira. Wọ́n ń fi igun ojú wo ara wọn. Ó pẹ́ díẹ̀ kí Màmá Ọláníyan, nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìntì, tó dìde.

“Tèmi kò tẹ́ o. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó bú mi. Mo ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún, èébú kò tún lè dá mi dúró.” Ó yọ ọ́ síta. Àwokòtò gbáà ni.

“Ye! Tèmi náà!”

“Ẹ̀yin náà? Mo rò pé èmi nìkan ni! Ọkọ mi ní kí n fi pamọ́ fún adìẹ kí ó máa yé ẹyin sí i!”

Kíá ni àwokòtò mẹ́tàlélọ́gọ́rin bo àwọn tábìlì, bí ìsọ̀ ẹni tó ń ta igbá. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń nu ojú. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín náà bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, gbogbo ojú sì yí sí pèpéle.

“Ẹ kò kà á dáadáa ni,” Adékẹ́mi wí.

“Gbogbo wa?” Màmá Ọláníyan béèrè. “Àwa mẹ́tàlélọ́gọ́rin ṣì í kà sí iye kan náà? Àbí a pàdé ṣe àdéhùn rẹ̀ ni? Adékẹ́mi, tìrẹ dà, ká fi wé e?”

“Tèmi ti lọ sókè òkun, mà. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ló wà.”

“Kò lọ síbì kankan.” Láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ni ohùn náà ti wá. “Ṣàngótẹ̀dó ló ń gbé.”

Fúnláyọ̀ ni. Ó lè wọ aṣọ ìkórè rẹ̀ wá, ṣùgbọ́n aṣọ iṣẹ́ géètì ni ó mọ̀ọ́mọ̀ wọ̀, pẹ̀lú fìlà àti bàtà dúdú tí ó ti dán. Ó rìn wá síwájú, kò yára. Ó tú ìdì tó gbé lọ́wọ́, ó gbọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan, aṣọ náà sì balẹ̀ sórí ilẹ̀ gbọ̀ngàn, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí omi inú àwo. Wọ́n wo aṣọ, wọ́n wo fọ́tò ara ògiri. Kò sí ẹni tó nílò kí a tún sọ fún un.

Fúnláyọ̀ gbé fóònù rẹ̀ fún Màmá Ọláníyan, ó ní kí ó ka ọ̀rọ̀ tí Bọ́sẹ̀ fi ránṣẹ́ àti èsì rẹ̀ sókè, pẹ̀lú ọjọ́ tí ó wà lórí wọn. Màmá kà á. Nígbà tí ó dé “Ó kù díẹ̀ káàtó, ọmọ mi,” obìnrin bí i mẹ́rin ló mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó hàn pé wọ́n ti gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ rí.

Fúnláyọ̀ na ìkọ́ àti òwú sí Adékẹ́mi. “Ìlà kẹẹ̀ẹ́dógún nìkan, mà. Ẹ hun ún fún wa kí ó tẹ́. Ẹ̀yin lẹ dá a.”

Adékẹ́mi gba ìkọ́. Ó hun ojú òwú mẹ́sàn-án. Ó dúró. Ó wo ìwé, ó tún wo òwú. Àánú rẹ̀ ì bá ṣe ẹlòmíràn. Fúnláyọ̀ ń wò ó bí ẹni ń wo ìkòkò tó fẹ́ hó, ó gbádùn rẹ̀, kò sì gbé ojú kúrò lára ọwọ́ Adékẹ́mi títí ìkọ́ fi bọ́ sílẹ̀.

Ìgbà náà ni ó yọ ìwé àlejò rẹ̀ àti bírò, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe lójoojúmọ́. Ó fún Sìmbíátù ní fóònù kejì, ó ní kí ó gba ohùn sílẹ̀.

“Orúkọ yín, mà?”

“Fúnláyọ̀, jọ̀ọ́. Ká lọ sọ ọ́ níta.”

“Orúkọ yín.”

“Adékẹ́mi Gbádégẹṣin.”

“Kí lẹ gbé tí kì í ṣe tiyín?”

“Ìràwọ̀... àti Ìgbì Ọ̀sà.”

“Ta ló ni wọ́n?”

“Ìwọ.”

“Ẹ dárúkọ. Ẹni tí kò sí níbí kò mọ ta ni ‘ìwọ’.”

“Fúnláyọ̀ Ògúnkúnlé ló ni wọ́n.”

“Ohùn yín kò dé ẹ̀yìn, mà.”

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó mú un sọ ọ́. Ti ìgbà kẹta, àwọn tó ń ta omi lẹ́nu ọ̀nà gbọ́ ọ. Fúnláyọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé, ó kọ aago sí i, ó ní kí ó fọwọ́ sí i, Adékẹ́mi sì fọwọ́ sí i. Fúnláyọ̀ kò kúrò nínú gbọ̀ngàn kí ó tó fi ohùn náà ránṣẹ́ sí Wásáàpù ìjọ, sí Wòlíì, àti sí Olúwatúnmiṣe lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Àwọn kan gbá Fúnláyọ̀ mọ́ra. Àwọn kan kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń ká àwokòtò wọn sínú ọ̀rá, wọ́n ń ṣírò ọjọ́ mọ́kànlélógún. Níta, lẹ́bàá ọ̀nà, Sìmbíátù dúró dè é.

“Ìyá Ṣèyítán. Ọjọ́ tí mo wá sílé rẹ, tí mo dé e mọ́rí. O ti mọ̀.”

“Mo mọ̀.”

“O ń wò mí bí mo ṣe ń bú ara mi.”

“Mo ń wò ọ́. Bí mo bá sọ fún ọ, àánú wọn á ṣe ọ́, wàá sọ fún wọn. Bí o bá sọ fún wọn, Adékẹ́mi yóò gbọ́, yóò sì pa á rẹ́.”

Sìmbíátù rò ó. “Òótọ́ ni. Ǹ bá sọ.”

“Jẹ́ kí n fún ọ ní òtítọ́ ìlà náà. A ó jọ tú u. Èmi fúnra mi ni n ó...”

“Rárá o.” Sìmbíátù fa àwokòtò òwú funfun náà yọ kúrò nínú ọ̀rá, ó gbé e lé e lọ́wọ́. “Mú un. Ìwọ lo dá a. Kọ orúkọ rẹ sí i.”

Ó dúró díẹ̀, bóyá kí Fúnláyọ̀ lè bẹ̀ ẹ́. Fúnláyọ̀ mọ ẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ẹnu rẹ̀ kún fún adùn mìíràn, kò sì tètè rí àyè fún un. Nígbà tí yóò fi ya ẹnu, Sìmbíátù ti wọ kẹ̀kẹ́ tó ń lọ sí Bàdọ̀rẹ́.

Fóònù ń gbọ̀n nínú àpò rẹ̀. Wòlíì ti kọ̀wé. Olúwatúnmiṣe ti kọ̀wé lẹ́ẹ̀mẹrin: ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ forí jì mí mà, mo kúnlẹ̀ mà. Fúnláyọ̀ kà wọ́n tán, kò fún ẹnikẹ́ni lésì. Ó gbé àwokòtò náà sí abíyá, ó kọjú sí ọ̀nà Ṣàngótẹ̀dó, ó sì tún tẹ ohùn Adékẹ́mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó parí, ó tún un tẹ̀.